Ẹ ṣọ́ra o! Tòlótòló lásán ni wọ́n tà fún mi ní ọ́gáníìkì

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra tòlótòló lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Inú ń bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Wọ́n lù mí ní jìbìtì. Mo san ohun tó lé ní ìlọ́po méjì owó tòlótòló lásán nítorí pé wọ́n ní ọ́gáníìkì ni, ìyẹn èyí tí wọ́n sìn lábẹ́ òfin pàtó, tí àjọ kan sì fún ní ìwé ẹ̀rí; tòlótòló lásán náà ni wọ́n sì gbé fún mi.

Ojú ìwé òǹtajà yìí kún fún àwòrán: tòlótòló ń jẹ koríko, oòrùn ń ràn sí wọn lára, ọmọdé kan ń fọ́n ọkà fún wọn. Mo bi í pé, "Ṣé ọ́gáníìkì ni lóòótọ́?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Kò sí họ́mónù, kò sí kẹ́míkà, àdánidá pọ́ńbélé ni." Mo tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì, ohun kan náà ló sọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé mi ò béèrè. Mo béèrè! Ìwé ẹ̀rí ni mi ò béèrè, ibẹ̀ ló sì ti mú mi.

Méjì ni mo rà, kílò mẹ́fà mẹ́fà. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ó dá owó tirẹ̀ pọ̀ mọ́ tèmi torí pé mo fi ẹnu ara mi sọ fún un pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mo ti wádìí." Mo ti wádìí! Ọ̀rọ̀ yẹn ń ta mí lára títí di ìsinsìnyí.

Mo gbé tèmi kúrò nínú fírísà sínú fíríìjì kí yìnyín rẹ̀ lè yọ́ díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta gbáko, bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe ẹran tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, omi ti kún abọ́ tí mo gbé e lé. Bí mo ṣe gbé e sókè, bébà tí wọ́n kọ "ọ́gáníìkì" sí lára ọ̀rá náà ti rẹ, etí rẹ̀ ti ń ṣí. Mo fi èékánná ká a. Bébà mìíràn ló wà lábẹ́ rẹ̀, ti ilé iṣẹ́ tó pa ẹran náà gan-an. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ wínníwínní pé wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ gún omi iyọ̀ sí i lára, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí ọ̀rọ̀ ọ́gáníìkì níbì kankan, kò sí àmì, kò sí nọ́ńbà. Ẹni yìí jókòó, ó tẹ bébà, ó gé e, ó fi bo òótọ́ mọ́lẹ̀! Ẹ sọ fún mi, ṣé àṣìṣe nìyẹn? Nínú kílò mẹ́fà yẹn, omi iyọ̀ ń lọ bí ìdajì kílò, mo sì san owó ọ́gáníìkì lórí rẹ̀.

Bí mo ṣe pè é, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Mà, gbogbo tòlótòló ló jẹ́ ọ́gáníìkì, ṣé ẹ̀mí kọ́ ló wà nínú wọn ni?" Mo ní bébà méjì wà níwájú mi. Ó ní ṣebí kò sí họ́mónù nínú rẹ̀, kí ni mo tún ń wá? Ó pa fóònù. Láti ìgbà náà, ìpè mi kò wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ họ́mónù yẹn ló ń dùn mí jù, torí mo gbà á gbọ́. Ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù, òfin kò gbà kí wọ́n fún tòlótòló kankan ní họ́mónù láti mú un sanra, ìbáà jẹ́ ọ́gáníìkì, ìbáà jẹ́ lásán. Ohun tí gbogbo wọn kò ní ló ń pọ́n lé fún mi. "Àdánidá" náà ńkọ́? Ní Amẹ́ríkà, bí wọ́n bá kọ ọ́ sára ẹran, ohun tó túmọ̀ sí ni pé wọn kò fi àwọ̀ tàbí èròjà àtọwọ́dá sí i, wọn kò sì ṣe é ní àṣejù lẹ́yìn tí wọ́n pa á. Kò sọ nǹkan kan nípa bí wọ́n ṣe sìn ín.

Bí wọ́n ṣe sìn ín sì ni gbogbo ìyàtọ̀ náà. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, láti ọjọ́ kejì tí ọmọ tòlótòló bá ti jáde nínú ẹyin, oúnjẹ ọ́gáníìkì nìkan ló gbọ́dọ̀ máa jẹ. Ó gbọ́dọ̀ lè jáde sí gbangba. Bó bá ṣàìsàn, wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti fún un ní áńtíbáyótíìkì, wọn ò lè tà á ní ọ́gáníìkì mọ́. Ní Yúróòpù, bí kì í bá ṣe irú tó ń dàgbà díẹ̀díẹ̀, akọ gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 140, abo ọjọ́ 100, kí wọ́n tó pa á. Ìdí nìyẹn tó fi wọ́n. Oúnjẹ àti ọjọ́ ni a ń sanwó fún, ẹni yìí sì gba owó ọjọ́ tí ẹran náà kò lò láyé.

Ọkọ mi ní ó yẹ kí n ti fi ojú mọ̀ ọ́n. Rárá o! Tí wọ́n bá ti hú ìyẹ́ rẹ̀ tán, tó ti dì gbagidi, kò sí ojú tó lè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bébà yẹn nípọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé, ọwọ́ mi kàn án, mo mọ̀ ọ́n lára pé ó nípọn, mi ò sì sọ nǹkan kan. Èyí ni mi ò tíì lè dárí rẹ̀ ji ara mi.

Ẹ béèrè orúkọ àjọ tó fún wọn ní ìwé ẹ̀rí àti nọ́ńbà rẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, kí ẹ̀yin fúnra yín sì bi àjọ náà. Ẹ fọwọ́ pa bébà ara ọ̀rá wò. Ẹ ka èyí tí wọ́n kọ wínníwínní, pàápàá bí omi àti iyọ̀ bá wà níbẹ̀. Ọ́gáníìkì o, lásán o, Salmonella, kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àìsàn inú, lè wà nínú méjèèjì, ẹ sè é títí inú rẹ̀ yóò fi gbóná dé 74°C.

Mi ò gba òǹtajà kankan gbọ́ mọ́. Obìnrin tí mo ti ń ra ẹyin ọ́gáníìkì lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ pàápàá, mo ní kó fi ìwé ẹ̀rí hàn mí lánàá. Inú bí i. Kò ṣẹ̀ mí, mo mọ̀, àmọ́ kó fi hàn mí ná.

Mo ti ya fọ́tò bébà méjèèjì, mo sì ti fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Tòlótòló ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà nínú fírísà rẹ̀, bébà yẹn ṣì wà lára rẹ̀. Mi ò tíì sọ fún un. Alẹ́ òní ni mo máa pè é.