Sikánà tàbí mítà: èwo la fi ń wá àìsàn sẹ́ńsọ̀ accelerator àti bíréèkì?

Àwọn ọkọ̀ tí èèyàn ń sùn, tó sì ń dáná nínú wọn, irú èyí tí wọ́n kọ́ sórí Fiat Ducato tuntun ní Yúróòpù, kò ní okùn accelerator mọ́. Sẹ́ńsọ̀ méjì ló ń ka ẹsẹ̀ awakọ̀. Bí ohun tí sẹ́ńsọ̀ méjèèjì kà ò bá bára mu, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á dín agbára ẹ́ńjìnì kù.

Sikánà, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àìsàn láti inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, yára. Kóòdù P2138 ń tọ́ka sí àìbáramu sẹ́ńsọ̀ accelerator, P0504 sí swíìṣì bíréèkì. Ṣùgbọ́n kóòdù kì í sọ bóyá sẹ́ńsọ̀ ló bàjẹ́ tàbí wáyà, ibẹ̀ gan-an lowó ti ń ṣòfò: wọ́n á ra pẹ́dà tuntun, àìsàn á sì wà níbẹ̀. Sikánà olówó pọ́ọ́kú kì í sábà ka ABS, ìyẹn ètò tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí a bá tẹ bíréèkì.

Mítà, ẹ̀rọ tó ń wọn iná mànàmáná, gba sùúrù àti àwòrán wáyà, àmọ́ òun ló ń fi hàn bóyá fóòtì 5 dé ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀, tàbí wáyà tó so mọ́ irin ọkọ̀ ti dípẹtà. Ẹ ṣọ́ra: bí ẹ bá fi ẹnu mítà kan ibi tí kò yẹ, ó lè ba kọ̀ǹpútà jẹ́.

Lójú ọ̀nà, sikánà ló wúlò. Bí àìsàn bá ń wá tó ń lọ, mítà ni. Bí bíréèkì fúnra rẹ̀ bá ń rì lábẹ́ ẹsẹ̀, ẹ má wa ọkọ̀ náà rárá. Ẹ pe mẹkáníìkì.