Ètò Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Ẹ̀dá Inú Òkun fún Àgbàlagbà Tó Padà Sílé Ìwé: Àgbéyẹ̀wò Akẹ́kọ̀ọ́ Kan

Ètò tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni èyí tí yunifásítì kan gbé kalẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ti níṣẹ́ lọ́wọ́, tí wọ́n sì fẹ́ padà wá gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ẹ̀dá inú òkun. Mo ti ka apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. N kò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà, nítorí pé ohun tí mo ní í sọ kan gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tó ń polówó irú ètò bẹ́ẹ̀. Ìdájọ́ mi ni pé ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ jinlẹ̀, àwọn olùkọ́ rẹ̀ sì dáńtọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣètò iṣẹ́ etí òkun kò tíì bá ìgbé ayé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oṣù mu.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ ni sáà ìpalẹ̀mọ́ tí gbogbo àgbàlagbà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ là kọjá. Wọ́n gba máàkì àtijọ́ tí a ní nínú èdè, ìtàn àti ẹ̀kọ́ àwùjọ wọlé, ṣùgbọ́n wọn kò gba ti kẹ́mísírì àti ìṣirò tó ti pẹ́ nílẹ̀. Wọ́n ní kí a tún un kọ́. Inú àwọn kan nínú wa kò dùn sí i, àmọ́ lójú tèmi ilé ẹ̀kọ́ náà jàre. Ìfẹ́ àbùùbùtán àti ìjàpá òkun ló ń fa ọ̀pọ̀ ènìyàn wá sídìí ẹ̀kọ́ yìí, bẹ́ẹ̀ omi fúnra rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń kọ́ nípa rẹ̀: iyọ̀ inú rẹ̀, tó tó nǹkan bíi gíráàmù 35 nínú kìlógíráàmù kan, ọ́síjìn tó yòrò sínú rẹ̀, àti bí kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì tí òkun ń fà mu ṣe ti mú kí pH ojú òkun, òdiwọ̀n tó máa ń lọ sílẹ̀ bí omi bá ṣe ń ní ásíìdì sí i, wálẹ̀ láti nǹkan bíi 8.2, ṣáájú ìgbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ gbòde, sí nǹkan bíi 8.1 lónìí. Nígbà tí a dé yàrá àyẹ̀wò, tí wọ́n ní kí a wọn ọ́síjìn inú omi pẹ̀lú ọ̀nà tí Lajos Winkler gbé jáde ní 1888, àwọn tó ti fara balẹ̀ la sáà ìpalẹ̀mọ́ kọjá mọ ìdí tí àwọ̀ inú ìgò fi ń yí padà ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Wọn kò kàn ń da kẹ́míkà lura wọn. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá fi kẹ́mísírì àti ìṣirò pamọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ di ọdún kejì kò ṣe é lóore rárá.

Ẹ̀kọ́ lórí ìtúpalẹ̀ dátà náà dára. R ni wọ́n fi ń kọ́ wa, èdè kọ̀ǹpútà tí Ross Ihaka àti Robert Gentleman bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Auckland, tí ẹnikẹ́ni lè gbà sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Dátà tí a ń lò wá láti OBIS, àkójọ àgbáyé tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ibi tí wọ́n ti rí àwọn ẹ̀dá inú òkun. Ẹni tó ti iṣẹ́ dé lálẹ́ lè ṣe gbogbo rẹ̀ nílé láìpàdánù ohunkóhun.

Iṣẹ́ etí òkun ni ọkàn ẹ̀kọ́ yìí, ibẹ̀ sì ni ìyìn mi àti ẹ̀sùn mi ti pàdé. Kí a tó jáde, olùkọ́ wa mú wa ka iṣẹ́ tí Joseph Connell tẹ̀ jáde ní 1961 lórí oríṣi barnacle méjì, àwọn ẹ̀dá kékeré oníkarawun tó máa ń lẹ̀ mọ́ àpáta, ní etíkun Scotland. Connell fi hàn pé Chthamalus lè gbé ní apá ìsàlẹ̀ àpáta dáadáa, ṣùgbọ́n Balanus a máa dàgbà bò ó mọ́lẹ̀, a sì máa tì í kúrò, débi pé apá òkè, níbi tí Balanus kò ti lè fara da ooru àti gbígbẹ, ni Chthamalus ti ń ráyè gbé. Lẹ́yìn náà ni a lọ ta okùn láti òkè àpáta títí dé etí omi, tí a ń gbé férémù onígun mẹ́rin kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní àlàfo tó dọ́gba, tí a sì ń ka ohun alààyè inú férémù kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a ti kà nínú ìwé wá hàn gbangba lójú wa, bí ìlà tí ènìyàn fi ọ̀dà fà sára ògiri. Kò sí fídíò tó lè fúnni ní irú òye bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ irú àpáta bẹ́ẹ̀ kì í hàn síta àfi bí òkun bá fà. Ní etíkun tó pọ̀ jù lọ, òkun máa ń kún, ó sì máa ń fà, lẹ́ẹ̀mejì láàárín nǹkan bíi wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 50, nítorí náà àkókò tó fà lónìí yóò fi bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i lọ́la. Àyíká ìgbà tí oṣù tuntun bá lé àti ìgbà tí òṣùpá bá di àrànmọ́jú ló máa ń fà jìnnà jù, òṣùpá kì í sì í dúró de òpin ọ̀sẹ̀. Iṣẹ́ náà lè bọ́ sí àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, kí òṣìṣẹ́ sì ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. N kò dá ilé ẹ̀kọ́ lẹ́bi fún èyí. Ohun tí mo dá wọn lẹ́bi fún ni pé wọn kì í kéde ọjọ́ náà títí yóò fi ku bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ipò òṣùpá àti ti oòrùn kì í ṣe ohun àìròtẹ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ máa ń ṣírò tábìlì kíkún àti fífà òkun fún odindi ọdún sílẹ̀ kí ọdún náà tó wọlé. Ẹni tó bá ní tábìlì yẹn lọ́wọ́ lè to gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ etí òkun fún akẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ tó bá forúkọ sílẹ̀. Àwọn kan nínú kíláàsì wa, òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn tí iṣẹ́ wọn ń yí láti ọ̀sán sí òru, ní láti sún ẹ̀kọ́ náà sí ọdún tó tẹ̀ lé e nítorí ohun tí lẹ́tà kan ṣoṣo ì bá ti yanjú. Ó dùn mí fún wọn gan-an, nítorí wọ́n wà lára àwọn tó mọ̀wé jù nínú wa.

Ìrìn àjò inú ọkọ̀ ojú omi lọ dáadáa. A sọ àwo Secchi sínú omi, àwo pẹlẹbẹ tí àlùfáà Angelo Secchi fi wọn bí omi ṣe mọ́ gaara tó ní 1865, a sì fa àwọ̀n tí a fi ń kó plankton, àwọn ohun alààyè tó ń bá omi lọ kiri, lẹ́yìn ọkọ̀. Kò pọn dandan fún ẹnikẹ́ni láti mọ bí a ṣe ń rì sábẹ́ omi. Ìṣòro wà nígbà tí a padà dé yàrá àyẹ̀wò, nítorí àwa mẹ́rin mẹ́rin la ń pín máíkírósíkóòpù kan, bẹ́ẹ̀ kíka plankton gba àkókò àti ojú tó balẹ̀. Olùtọ́jú yàrá náà, tí inú rere rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́, máa ń ṣí i fún wa lọ́jọ́ Sátidé, ṣùgbọ́n inú rere ẹnì kan kọ́ ló yẹ kí ètò ẹ̀kọ́ gbára lé.

Ọ́fíìsì tó ń gbani nímọ̀ràn lórí iṣẹ́ ni mo rí bí èyí tó rẹ̀yìn jù. Wọ́n ń bá wa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé girama. Kò sẹ́ni tó bi wá léèrè ohun tí a mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni amòfin, olùṣirò owó àti atukọ̀ wà láàárín wa, àwọn tí ìmọ̀ wọn wúlò fún òfin ẹja pípa, ìdíwọ̀n bí iṣẹ́ àgbàṣe ṣe ń kan àyíká, àti iṣẹ́ ìwádìí lójú omi. Wọn kò sì tètè sọ ọ́ síta pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìwádìí nínú ẹ̀ka yìí ń béèrè oyè kejì.

Síbẹ̀, mo dámọ̀ràn ètò náà tọkàntọkàn fún ẹni tó bá lè yí ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ padà nígbà tó bá yẹ. Kí ó tó san owó kankan, kí ó béèrè ìwé ọjọ́ iṣẹ́ etí òkun fún odindi ọdún, kí ó sì béèrè ìgbà tí yàrá àyẹ̀wò máa ń ṣí lálẹ́ àti lópin ọ̀sẹ̀. Bí wọn kò bá lè fún un ní èsì tó dájú lórí méjèèjì, kí ó wo ilé ẹ̀kọ́ mìíràn.