Ọjọ́ mẹ́ta nínú bọ́ọ̀sì ìtàn Alabama: mo gbádùn rẹ̀, àmọ́ wọ́n já mi kulẹ̀ ní Mobile

Dọ́là 640 ni mo san. Yàrá òtẹ́ẹ̀lì fún alẹ́ méjì wà nínú rẹ̀, oúnjẹ kò sí níbẹ̀. Mo tètè sọ ọ́ torí mo mọ̀ pé òun lẹ máa kọ́kọ́ bi mí. Ọjọ́bọ̀ sí Àbámẹ́ta ni ìrìnàjò náà, láti Atlanta tí mò ń gbé, dé Montgomery, Selma àti Mobile. Ìtàn ìpínlẹ̀ Alabama ni wọ́n ní àwọn fẹ́ fi hàn wá. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó gbé wa. Mo ti fi ẹ̀sùn mi ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n sì ti dá dọ́là 60 padà fún mi.

Bọ́ọ̀sì mọ́ tónítóní, ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ mú ṣúẹ́tà dání.

Ìyá àgbàlagbà kan, ọmọ bíbí Montgomery, ló ń ṣàlàyé fún wa, màmá náà sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó kó wa lọ sórí àtẹ̀gùn ilé ìjọba ìpínlẹ̀, ó ní ká wo ìràwọ̀ idẹ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni Jefferson Davis dúró sí nígbà tí wọ́n búra fún un ní 18 Februari 1861, láti ṣe olórí àwọn ìpínlẹ̀ tó ya kúrò lára Amẹ́ríkà nítorí ẹrú. Lẹ́yìn náà ló ní ká gbójú wo ìsàlẹ̀ òpópónà. Ṣọ́ọ̀ṣì tí Martin Luther King ti jẹ́ pásítọ̀ ló wà lọ́ọ̀ọ́kán yẹn, kò tilẹ̀ jìn débi tí ẹsẹ̀ á fi ro ni. Màmá ò sọ nǹkan kan mọ́. Ó fi wá sílẹ̀ ká máa wò ó.

Òun náà ló sọ fún wa pé kí Rosa Parks tó kọ̀ láti dìde fún òyìnbó nínú bọ́ọ̀sì ní 1 Disemba 1955, ọmọbìnrin ọdún 15 kan, Claudette Colvin, ti kọ̀ láti dìde ní oṣù mẹ́sàn-án ṣáájú. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Ọjọ́ 381 ni àwọn dúdú fi pa bọ́ọ̀sì ìlú náà tì. Màmá ní ká ro ti àwọn alágbàfọ̀ àtàwọn tó ń se oúnjẹ nílé onílé, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn lọ, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀, nínú òjò àti òtútù. Tó bá jẹ́ pé Montgomery nìkan ni owó mi rà, mi ò ní kábàámọ̀.

Ní Selma, a fẹsẹ̀ gun afárá Edmund Pettus. Àwòrán ò lè sọ èyí fún yín: afárá náà yọ gegele láàárín. Tẹ́ ẹ bá ń ti ìgboro bọ̀, ẹ ò ní rí òdìkejì àfi tẹ́ ẹ bá dé góńgó rẹ̀. Ibẹ̀ ni nǹkan bí 600 èèyàn tó ń wọ́de nítorí ẹ̀tọ́ ìdìbò àwọn dúdú dé ní 7 Maaṣi 1965 kí wọ́n tó rí àwọn ọlọ́pàá tó tò sílẹ̀ dè wọ́n pẹ̀lú kóńdó àti tajútajú. Ẹsẹ̀ mi wúwo nígbà tí mo dé góńgó yẹn, mi ò ní purọ́. Nígbà tó di 6 Ọ́gọ́ọ̀sì ọdún yẹn, òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò ti jáde.

Àmọ́ Selma yìí náà ni ohun àkọ́kọ́ ti bí mi nínú. Ìlú yìí ni Matilda McCrear kú sí ní 1940. Ọmọ Yorùbá ni, ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí wọ́n kó òun àti ìyá rẹ̀ lẹ́rú, ilà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ títí ó fi kú. Òun ni ẹni tó kẹ́yìn láyé nínú àwọn tí Clotilda, ọkọ̀ òkun tó kó ẹrú wọ Amẹ́ríkà kẹ́yìn, kó wá, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí tó jáde ní 2020. Ní 1931, arúgbó ni nígbà náà, ó rin nǹkan bíi máìlì 15 lọ sí ilé ẹjọ́ ní Selma láti béèrè owó gbà-máà-bínú. Wọn ò fún un ní kọ́bọ̀. Mo bi màmá pé ṣé a máa dé ọ̀dọ̀ ilé ẹjọ́. Ó ní kò sí nínú ìwé tí wọ́n fún òun.

Nínú bọ́ọ̀sì lọ́nà Mobile, ó fi ìtàn ìlú Enterprise pa wá lẹ́rìn-ín. Kòkòrò jẹ òwú wọn tán, wọ́n yí sí ẹ̀pà gbígbìn, owó wọlé, ni wọ́n bá kọ́ ère ìrántí fún kòkòrò ní 1919! Birmingham ní tiẹ̀, kò sí nínú ètò rárá. Bóyá ọ̀nà ló jìn, àmọ́ ẹ ò lè máa ta ìtàn Alabama kẹ́ ẹ fo ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n gbé bọ́ǹbù sí ní 15 Sẹptẹmba 1963, tí ọmọbìnrin mẹ́rin kú.

A pẹ́ níbi oúnjẹ ọ̀sán, a sì dé Africatown nígbà tí ọjọ́ ti yí. Ibí yìí ni mo torí ẹ̀ sanwó. Láti 1808 ni òfin ti ní kí wọ́n má kó ẹrú wọ Amẹ́ríkà mọ́. Timothy Meaher, olówó kan ní Mobile, ta tẹ́tẹ́ pé òun á kó o, ẹnikẹ́ni ò sì ní mú òun. Ní 1860, ọ̀gá ọkọ̀ kan, William Foster, tu Clotilda lọ sí Ouidah ní etíkun orílẹ̀-èdè Benin òde òní, ó kó èèyàn 110, ó kó wọn dé Mobile ní òru oṣù Júláì, wọ́n sì dáná sun ọkọ̀ náà. Ẹnì kankan ò ṣẹ̀wọ̀n. Nígbà tí àwọn ẹrú gba òmìnira ní 1865, owó àtipadà sílé ò sí. Wọ́n ní kí Meaher fún àwọn nílẹ̀, ó kọ̀, ni wọ́n bá ṣiṣẹ́, wọ́n fowó ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó kó wọn wá. Africatown nìyẹn.

Tíkẹ́ẹ̀tì ilé ìrántí Africatown Heritage House ní àkókò tirẹ̀. Àwọn tó kó wa lọ ò rà á sílẹ̀. Ìṣẹ́jú 35 la lò: ère Cudjo Lewis, ọ̀kan nínú àwọn tí Clotilda kó wá, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, itẹ́ òkú, ó parí. Kossola ni orúkọ tí Cudjo gbé wá látilé, àwọn onímọ̀ sì gbà pé ọmọ agbègbè Bantè ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní ni. Màmá ń ka orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ nínú ìwé, ó dé orí ọ̀kan, ó pè é bí orúkọ oògùn. Mo ní kó jẹ́ kí n wò ó. Iyadjemi. Mo kà á sókè, ọ̀fun mi dí. Ìyà jẹ mí. Gbólóhùn odindi ni bàbá yìí fi sọ ọmọ ní Alabama, wọ́n sì ti ń kà á bí orúkọ lásán láti àárọ̀.

Ní oṣù méjì lẹ́yìn náà, èmi àti àbúrò mi wa mọ́tò wa lọ sí ilé ìrántí yẹn. A wo pákó tó ṣẹ́ kù lára Clotilda nínú omi tí wọ́n fi ń tọ́jú wọn, a lo wákàtí méjì, kò sẹ́ni tó lé wa. Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyẹn: ẹ bá bọ́ọ̀sì dé Montgomery àti Selma, ẹ fúnra yín wá Mobile, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ẹ rántí pé Alabama fi wákàtí kan wà lẹ́yìn Atlanta. Ẹ ó san án padà nígbà bíbọ̀. Ó ti lé ní agogo méjìlá òru ká tó délé.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Màmá nìkan ló ni méjì níbẹ̀. Ó bá mi sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ní kí n gba orúkọ yẹn sílẹ̀ fún òun kóun lè pè é dáadáa. Mo gbà á sílẹ̀. Ó fi tiẹ̀ ránṣẹ́ padà: "Ìyá jẹ mí." Mo rẹ́rìn-ín títí, mo ní màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà á wálẹ̀ díẹ̀ sí i. A ṣì ń kọ́ ọ.