Lẹ́sìn ìtàn ọjọ́ Sátidé ní Ajílósùn, Adó-Èkìtì: bí Kuomintang àti Kọ́múníìsì Ṣáínà ṣe bá ara wọn jà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí nípa lẹ́sìn tí bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ń ṣe ní Ajílósùn láràárọ̀ Sátidé, ẹ lọ, owó yín ò ní ṣòfò. Ibi tó dáa níbẹ̀ pọ̀ gan-an, ibì kan wà tó kù díẹ̀ káàtó, màá sọ méjèèjì torí ọ̀rọ̀ yẹn ń jẹ mí lọ́kàn.

₦1,500 lẹ́nì kan, fótókópì wà nínú ẹ̀, máàpù Ṣáínà ńlá kan sì wà lára ògiri tí bàbá fọwọ́ ara wọn yà. Tí NEPA bá mú iná lọ wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀, ariwo ẹ̀ pọ̀, ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn ò ní gbọ́ nǹkan kan, torí náà ẹ tètè dé. Àwọn ọmọ tó ń múra JAMB ló pọ̀ jù níbẹ̀, àmọ́ àgbàlagbà náà ń wá, ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba wà níbẹ̀ tó ń béèrè ọ̀rọ̀ ju gbogbo wa lọ.

Ohun tó jẹ́ kí n gba ti bàbá ni pé wọn ò fi ogun bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó bá ń sọ ìtàn yìí, kíá ni wọ́n á ti fò dé 1949, Mao tó jẹ́ olórí Kọ́múníìsì borí, Chiang Kai-shek tó jẹ́ olórí Kuomintang sá lọ sí erékùṣù Taiwan, ó parí. Bàbá ní rárá o, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ pé àwọn èèyàn yìí ti jọ gbé pọ̀ rí. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ 1911 tó lé ìdílé ọba Qing lọ, Sun Yat-sen tó ṣíwájú àwọn ọlọ̀tẹ̀ di ààrẹ fúngbà díẹ̀ ní oṣù kìíní 1912, kò pẹ́ ló gbé e sílẹ̀ fún Yuan Shikai tí ọmọ ogun wà lọ́wọ́ ẹ̀, ọdún yẹn náà ni Kuomintang, ẹgbẹ́ òṣèlú Sun, bẹ̀rẹ̀. Àwọn Kọ́múníìsì dé ní 1921 ní Shanghai, aṣojú bíi 13 péré ló wà níbi ìpàdé àkọ́kọ́, Mao wà lára wọn, nígbà tí wọ́n rí i pé ọlọ́pàá ti gbọ́ nípa ẹ̀ ni wọ́n bá lọ parí ìpàdé nínú ọkọ̀ ojú omi ní Jiaxing. Nígbà tó wá di 1924, Sun ń wá ìbọn àti owó, Rọ́ṣíà ló ṣe tán láti fún un, Rọ́ṣíà kan náà ló sì ń ti àwọn Kọ́múníìsì pé kí wọ́n wọnú Kuomintang. Ni wọ́n bá wọ̀ ọ́. Chiang ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ológun Kuomintang ní Whampoa, Zhou Enlai tó jẹ́ Kọ́múníìsì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé kan náà, Mao fúnra ẹ̀ bójú tó iṣẹ́ ìpolongo fún Kuomintang fúngbà díẹ̀! Kíláàsì pariwo nígbà tí bàbá sọ ìyẹn.

Bàbá wá fi ìjà Awólọ́wọ̀ àti Akíńtọ́lá ní 1962 ṣàlàyé bí àárín wọn ṣe dàrú, àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ ń mi orí. Mo gbà á dé ibì kan torí ó jẹ́ kí ohun tí wọ́n ń sọ tètè yé àwọn ọmọ, àmọ́ ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ (Action Group) kan ṣoṣo ló fọ́ sí méjì nílé wa níbí, ti Ṣáínà ẹgbẹ́ méjì ni wọ́n látìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn 1927 kálukú sì ní ọmọ ogun tiẹ̀, ìyàtọ̀ yẹn ò kéré.

1927 yẹn ni bàbá ti mú wa lọ́kàn jù. Sun ti kú ní 1925, Chiang ló ń kó ọmọ ogun lọ sí àríwá, bó ṣe dé Shanghai, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin, òun àtàwọn jàǹdùkú Green Gang dojú ìbọn kọ àwọn Kọ́múníìsì àtàwọn òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́yìn wọn. Dípò kí bàbá máa ka orúkọ ìlú àti ọjọ́ lọ, ilé ni wọ́n gbà wọnú ọ̀rọ̀ náà. Ching-ling ló fẹ́ Sun Yat-sen, àbúrò ẹ̀ Mei-ling ló fẹ́ Chiang lọ́dún 1927 yẹn kan náà, ọmọ bàbá ọmọ ìyá ni wọ́n o. Ẹ̀gbọ́n bẹnu àtẹ́ lu Chiang, kò kúrò ní Ṣáínà ní 1949, ó dé ipò igbákejì ààrẹ nínú ìjọba Kọ́múníìsì, àbúrò lọ bá ọkọ ẹ̀ ní Taiwan. Nígbà tí Ching-ling kú ní 1981 Mei-ling ò wá síbi ìsìnkú. Ìyá aláṣọ ní, "Bàbá, ẹ̀jẹ̀ kan náà kẹ̀?" kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọmọ Chiang pàápàá, Ching-kuo, Moscow ló ti ń kàwé nígbà yẹn, ó sọ̀rọ̀ òdì sí bàbá ẹ̀ ní gbangba, kò sì rílé wá títí di 1937. Ẹni tó bá gbọ́ èyí ò tún ní sọ pé ọ̀rọ̀ òṣèlú lásán ni mọ́.

Ìrìn gígùn (Long March) 1934 sí 1935, tí àwọn Kọ́múníìsì fi sá fún ọmọ ogun Chiang, náà wà níbẹ̀, àwọn bíi 86,000 ló jáde kúrò ní Jiangxi, àwọn tó bá Mao dé Shaanxi ò ju bíi 8,000 lọ. Bàbá ò pẹ́ níbẹ̀, kò sì burú torí ọ̀rọ̀ ìlú Xi'an ni bàbá ń sáré lọ bá, ìyẹn 1936, nígbà tí Zhang Xueliang tó jẹ́ ọ̀gágun Chiang fúnra ẹ̀ mú Chiang mọ́lẹ̀ pé kó fi àwọn Kọ́múníìsì sílẹ̀ kó kọjú sí Jàpáànù tó ń gba ilẹ̀ Ṣáínà. Àwọn ará Jàpáànù ló pa bàbá Zhang ní 1928, ẹ ẹ̀ rí i pé ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ ló ń sọ. Wọ́n dá Chiang sílẹ̀, Zhang bá a wọ ọkọ̀ òfuurufú padà sí Nanjing, Chiang sì sé e mọ́lé, ó wà bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún, kódà lẹ́yìn ikú Chiang. Bàbá ní káwọn ọmọ sọ ìdí tó fi tẹ̀ lé e lọ, àríyànjiyàn yẹn nìkan tó ₦1,500.

Lórí ìdí tí Kuomintang fi fìdí rẹmi, bàbá sọ ti ilẹ̀ tí Kọ́múníìsì ń pín fáwọn àgbẹ̀, wọ́n sọ ti ìwà jẹgúdújẹrá, wọ́n wá dúró lórí owó tuntun tí ìjọba Chiang tẹ̀ ní oṣù kẹjọ 1948, tí wọ́n pàṣẹ pé kí gbogbo èèyàn kó góòlù àti owó òkèèrè wọn wá pààrọ̀, kí ọdún tó yí po owó yẹn ti di bébà. Ìyá aláṣọ ní tó bá jẹ́ òun, èyí nìkan ti tó láti kẹ̀yìn sí wọn.

Ibi tó wá dùn mí nìyí o. Bí bàbá ṣe dé ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1949, tí Mao kéde ìjọba tuntun ní Beijing, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Chiang kọjá sí Taiwan, Taiwan di olówó, ẹ kú ìjókòó. Kò sí ọ̀rọ̀ pípa tí àwọn ọmọ ogun Kuomintang pa àwọn ará Taiwan lẹ́yìn ọjọ́ 28 oṣù kejì 1947, kò sí ọ̀rọ̀ òfin ológun tó wà lórí erékùṣù yẹn láti 1949 títí di 1987. Ọmọ tó bá jáde níbẹ̀ á rò pé apá kan ló ń fìyà jẹ aráàlú tí apá kejì sì jẹ́ aláàánú, kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Mo fara balẹ̀ bá bàbá sọ ọ́ lẹ́yìn kíláàsì, wọ́n ní "ọmọ mi, àsìkò ni ò tó". Mo gbọ́ sà, àmọ́ ìjà yẹn ò parí ní 1949. Oṣù kejì 1971 ni Nàìjíríà bá Beijing dá àjọṣe sílẹ̀, oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni Beijing gba ìjókòó Ṣáínà ní UN lọ́wọ́ ìjọba Taiwan. Ching-kuo tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn náà ló fagi lé òfin ológun ní 1987. Ní 2015 Xi Jinping tó jẹ́ ààrẹ Ṣáínà àti Ma Ying-jeou ti Kuomintang, tó jẹ́ ààrẹ Taiwan nígbà yẹn, bọ ara wọn lọ́wọ́ ní Singapore, lóde òní Kuomintang tí wọ́n ń lé káàkiri nígbà kan ni Beijing máa ń bá sọ̀rọ̀ jù nínú àwọn ẹgbẹ́ ńlá Taiwan. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ fo ìyẹn?

Bàbá ṣì lè fi Sátidé kan kún un fún Taiwan nìkan, èmi á san owó rẹ̀ láìjanpata. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀kadà láti Fájuyì á gbé yín dé ibẹ̀. Ẹ bá mi béèrè Taiwan lọ́wọ́ wọn, bá a bá pọ̀ tá à ń béèrè ẹ̀ wọ́n á ṣe é.