Ínṣọ́ránsì ìlera ní Jámánì fún akẹ́kọ̀ọ́ oní-pásípọ́ọ̀tù Yúróòpù: káàdì ilé, Krankenkasse (ínṣọ́ránsì gbogbogbòò ti Jámánì), àbí ti aládàáni?

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ gba pásípọ́ọ̀tù Ítálì, tí ẹ wá ń kàwé ní Jámánì, ìbéèrè kan náà lẹ máa ń bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, èwo ló pọ́ọ́kú jù?" Ìbéèrè tó kó mi sí yọ́ọ́yọ́ọ́ gan-an nìyẹn.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wò ni ìwé ìgbélùú gbére (ẹ má fi ti ẹ̀wọ̀n sí i o). Ọdún 5 lẹ ó lò kí ẹ tó gbà á. Òfin Yúróòpù 2004/38 sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ṣiṣẹ́ ní owó oúnjẹ àti ínṣọ́ránsì tó kún rẹ́rẹ́ ní gbogbo àsìkò yẹn. Òṣìṣẹ́ gidi, wọn kì í bi í.

Káàdì ilé kọ́kọ́, ìyẹn káàdì ìlera Yúróòpù tí Ítálì ń fún yín. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀yìn Tessera Sanitaria yín (káàdì ìlera Ítálì) ló wà. Ẹ yí i padà wò kí ẹ tó wọkọ̀. Bó bá jẹ́ ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ ni wọ́n tò síbẹ̀ dípò nọ́ńbà, kò wúlò ní òkèèrè. Ẹni tó bá sì ti forúkọ sílẹ̀ ní AIRE (ìwé orúkọ àwọn ọmọ Ítálì tó ń gbé òkèèrè), tàbí tó ti ń gba owó oṣù ní Jámánì, kó má gbẹ́kẹ̀ lé e mọ́.

Ti aládàáni ni èmi rà. 62 yúrò lóṣù, kò tó ìdajì ti Krankenkasse. Inú mi dùn! Lásìkò ìforúkọsílẹ̀, wọ́n gbé ìwé kan sí mi níwájú pé n ò ṣe ti Krankenkasse. Ojú ìwé kan péré. Ife kọfí wà lọ́wọ́ òsì mi, mo fi ọwọ́ ọ̀tún sáìnì. Oṣù 3 ni òfin fún èèyàn láti bẹ̀bẹ̀ fún irú ìyọ̀ǹda bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti fọwọ́ sí i, ó parí: níwọ̀n ìgbà tí o bá ṣì ń jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, o ò lè padà.

Ọdún kejì, eyín kan dá mi lóró. Dókítà yọ ọ́, mo san 380 yúrò lápò ara mi, mo fi rìsíìtì ránṣẹ́. Wọ́n ní eyín náà ti ń bàjẹ́ kí n tó ra ínṣọ́ránsì. Ta ló wà lẹ́nu mi tó rí i?

Èyí tó dùn mí jù dé nígbà tí mo gbé ìwé mi lọ fún ìgbélùú. Obìnrin tó jókòó lẹ́yìn tábìlì kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ṣí ojú ìwé kẹrin, ó fi bírò fàlà sábẹ́ ìlà kan: oyún àti ìbímọ kò sí níbẹ̀. "Kò kún tó." Bí gbogbo ọdún ìwé mi ṣe wọmi nìyẹn. Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni mo tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún 1 nínú 5 náà.

Àwọn ará wa tó kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù mọ irú rẹ̀. Ìjọba ibẹ̀ ń sọ pé NHS (ètò ìlera ìjọba wọn) kò tó bí ínṣọ́ránsì, àfi ìgbà tí ilé ẹjọ́ Yúróòpù sọ ní 10 oṣù kẹta 2022 pé ó tó. Ìlú ọ̀hún ti kúrò nínú Yúróòpù nígbà yẹn.

Krankenkasse wọ́n: ó lé ní 140 yúrò lóṣù, tí ẹ ò bá tíì pé 30. Lẹ́tà wọn pọ̀ bí òjò. Bí ẹ bá sì jẹ gbèsè, wọ́n lè fi tó yunifásítì létí, kí wọ́n má forúkọ yín sílẹ̀ fún sẹ́mẹ́sítà tó kàn. Ṣùgbọ́n oyún wà níbẹ̀, àìsàn àtẹ̀yìnwá wà níbẹ̀, káàdì lásán lẹ ó nà sí dókítà.

N ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹni tó fẹ́ lo sẹ́mẹ́sítà 2 kó padà sílé, káàdì ilé tó o. Ẹni tó ti lé 30, kó wá aládàáni, kó sì ka ojú ìwé kẹrin. Àbúrò mi obìnrin ń bọ̀ ní oṣù kẹwàá. Mo ti bá a kọ̀wé sí Krankenkasse.