Ẹ ṣọ́ra o: páìpù awò-awọ̀nàjíjìn RV-6 ni wọ́n tà fún mi, dígí inú rẹ̀ kì í ṣe tiẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ ń ra awò-awọ̀nàjíjìn àtijọ́ láti tún un ṣe nílé, ẹ dákun, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Inú ń bí mi, ojú sì ń tì mí, torí ohun tí mo mọ̀ dunjú ni wọ́n fi mú mi.

Criterion RV-6 Dynascope ni mo rà, èyí tí wọ́n ṣe ní Hartford, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, nílẹ̀ Amẹ́ríkà níbí. Láwọn ọdún 1960, dọ́là 194.95 ni wọ́n ń polówó rẹ̀, tòun ti mọ́tò tó ń yí i tẹ̀ lé ìràwọ̀. Ohun tá a tìtorí ẹ̀ ń wá a kiri títí dòní ni dígí ìsàlẹ̀ rẹ̀: ínṣì 6 ní fífẹ̀, f/8, ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ tó kan ojú dígí náà á rin ìlọ́po mẹ́jọ fífẹ̀ rẹ̀, ínṣì 48, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 122, kó tó pàdé lójú kan. Dígí tí inú rẹ̀ ò jìn púpọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́ mọ́ ẹni tó ń dán an lọ́wọ́. Kódà bí inú rẹ̀ bá kàn rí róbótó bí inú bọ́ọ̀lù, àṣìṣe tó máa wà nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìgbì ìmọ́lẹ̀ kan lọ. Ìdí nìyẹn tí Júpítà àti Saturn fi ń dá ṣáká nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ dígí yẹn kúrò, irin àti páìpù lásán ló kù.

Ọkùnrin tó tà á kọ ọ́ sínú ìkéde rẹ̀ pé awò náà ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, òun sì ti tún un ṣe pátápátá. Pé dígí tí iléeṣẹ́ fi sí i ló ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi alumíníọ̀mù tuntun bò ó. Dọ́là 450, pẹ̀lú 95 fún ìfiránṣẹ́. Dọ́là 545! Fún páìpù!

Nígbà tí mo gbé e sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò dúró gbọọrọ. Orí rẹ̀ ń wolẹ̀. RV-6 tó pé, ìdí rẹ̀ ló máa ń wúwo, torí ibẹ̀ ni dígí ńlá wà, tó tó kílò kan bó bá jẹ́ gíláàsì Pyrex àtijọ́ tó nípọn tó ínṣì kan. Mo sún páìpù náà sẹ́yìn nínú òrùka méjì tó gbé e dúró, mo tún sún un, ó tún wolẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé bóyá òrùka ni wọ́n tò síbi tí kò yẹ. Irọ́ ni mo pa fún ara mi.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo wo òṣùpá pẹ̀lú eyepiece (dígí kékeré tá a ń fojú wò) mìlímítà 25. Nínú RV-6, ìyẹn gbọ́dọ̀ sọ òṣùpá di ńlá ní ìlọ́po 49, torí mìlímítà 1,219 lẹ máa pín sí 25. Òṣùpá tí mo rí kéré. Mo rò pé wọ́n kọ nọ́ńbà tí kì í ṣe tirẹ̀ sára eyepiece ni. Ìlọ́po 30 ni, bí mo ṣe wá mọ̀ lẹ́yìn náà! Mo wá wo Júpítà ní ìlọ́po gíga: ẹ̀fọ́ rírẹ̀. Mo ń yí focuser, ohun tó ń sún eyepiece síwá sẹ́yìn, mo ń yí i lọ, mo ń yí i bọ̀, kò síbi tó ti dá. Bí mo bá rí i pé ó fẹ́ dá, etí rẹ̀ á tún tú ká bí òróró.

Ọjọ́ kejì ni mo tú ìdérí ìsàlẹ̀ páìpù náà. Kò sí dígí níbẹ̀. Mo ní kò sí dígí níbẹ̀! Òfìfo ni. Dígí wà lókè nínú páìpù, ó fi sẹ̀ǹtímítà 47 jìnnà síbi tó yẹ kó wà. Ọkùnrin náà lu ihò tuntun mẹ́ta sára páìpù, ó de ìjókòó dígí mọ́ ọn, ó fi pọ́tì dí ihò àtijọ́, ó wá kun gbogbo rẹ̀ ní ọ̀dà funfun. Èékánná ni mo fi rí wọn nígbà tí mo ń fọwọ́ ra ara páìpù náà. Ọ̀dà yẹn dán tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi yìn ín nínú àtẹ̀ránṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ fi sí i. Ṣé ẹ rí ìtìjú?

Kí ló dé tó fi sún un lọ sókè? Dígí òde òní ni ó fi sínú rẹ̀, mìlímítà 150, f/5, èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń pàdé ní sẹ̀ǹtímítà 75. Ẹ yọ 75 kúrò nínú 122, 47 ló kù. Kò ṣèèṣì. Ó wọ̀n ọ́n, ó ṣírò ó, ó mọ ohun tó ń ṣe. Àárín dígí náà ní òrùka bébà kékeré tí iléeṣẹ́ òde òní máa ń lẹ̀ mọ́ ọn láti fi tò ó. Dígí RV-6 kì í ní in. Etí rẹ̀ ní àwọ̀ ewé bíi ti gíláàsì fèrèsé. Mo gbé e kalẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 150, ìlọ́po méjì 75, mo fi àwọ̀n onílà tí wọ́n ń pè ní Ronchi wò ó. Ìlà tó jáde tọ́ gbọnrangandan. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ní ó dára nìyẹn. Kò dára rárá. Níbi tí mo ti wò ó yẹn, dígí f/5 tó pé gbọ́dọ̀ fi ìlà tó tẹ̀ hàn. Ìlà tó tọ́ túmọ̀ sí pé inú rẹ̀ kàn rí bí inú bọ́ọ̀lù, àṣìṣe tí f/8 sì lè gbà mọ́ra ti di ìlọ́po mẹ́rin ní f/5, ó tó odindi ìgbì ìmọ́lẹ̀ kan. Ibẹ̀ ni ẹ̀fọ́ rírẹ̀ yẹn ti wá. Inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bàjẹ́, ó ní ó ń pọ́n.

Mo béèrè fọ́tò inú páìpù kí n tó sanwó o. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò béèrè. Ó ní òun ò fẹ́ tú u, kí títò rẹ̀ má baà yẹ̀. Mo sì gbà! Èmi tí mo mọ̀ pé síkúrúù mẹ́ta ni, pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ò ní tán kéèyàn tó tún un tò! Ó tún ní kí n fi owó náà ránṣẹ́ bíi pé ọ̀rẹ́ òun ni mí, òun á yọ 20 dọ́là. Mo fi 20 dọ́là ta ààbò 545. Nígbà tí mo pe iléeṣẹ́ tó bá mi fi owó náà ránṣẹ́ láti gba owó mi, wọ́n ní ẹ̀bùn ni mo fún un, ẹ̀bùn ò sì ní ìdápadà. Àwọn tó ń sọ pé ṣe ni ǹ bá lọ wò ó fúnra mi, wákàtí mẹ́sàn-án ni ìrìn àjò ọkọ̀ débẹ̀. Ta ló ń wakọ̀ wákàtí méjìdínlógún lọ bọ̀ torí awò?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ ìyìn sábẹ́ ìkéde rẹ̀ ńkọ́? Ta ló tú páìpù wò nínú yín? Ọ̀dà lẹ yìn. Ọ̀dà yẹn lèmi náà rà. Ní báyìí, ẹni tó bá ti sọ fún mi pé òun tún awò ṣe pátápátá, onírọ́ ni lójú mi títí tí màá fi rí gíláàsì. Mo mọ̀ pé olóòótọ́ wà láàárín wọn. Mi ò lágbára àtimáa wá wọn kiri mọ́.

Ẹ gba ìwọ̀nba tí mo lè sọ. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn àti etí dígí, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ ní kó kọjú dígí náà nìkan sí iná títì tó jìnnà, kó fi bébà gba àwòrán iná náà, kó fi tépù wọn bó ṣe jìn sí dígí: sẹ̀ǹtímítà 122 tàbí kí ẹ pa á tì. Bó bá ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bò ó, ẹ gba rìsíìtì ilé iṣẹ́ tó bò ó. Ẹ má fi owó ránṣẹ́ bí ẹ̀bùn láéláé.

Ó sàn kẹ́ ẹ ra èyí tó dọ̀tí tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn. Ìdọ̀tí á lọ. Ẹ tú dígí náà, ẹ fẹ́ eruku rẹ̀, ẹ ṣí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i lórí, ẹ rì í sínú omi tí ẹ kán ẹ̀kán ọṣẹ olómi ìfọ-abọ́ kan tàbí méjì sí. Ẹ fi òwú gidi fà á lọ sójú kan, ìwúwo òwú nìkan, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ ju òwú yẹn nù kẹ́ ẹ mú òmíì. Ẹ fi omi distilled, irú èyí tí wọ́n ń dà sí bátìrì ọkọ̀, ṣan án kẹ́yìn, ẹ gbé e nàró kó gbẹ fúnra rẹ̀. Alumíníọ̀mù ojú rẹ̀ ò nípọn ju nǹkan bí ìdá kan nínú 10,000 mìlímítà kan lọ, nítorí náà ẹni tó bá fi ohun tí wọ́n fi ń dán irin fọ̀ ọ́ kó lè dán nínú fọ́tò ti ba nǹkan jẹ́. Bó bá ti ṣí kúrò lójú ibi púpọ̀, ẹ fi ránṣẹ́ kí wọ́n tún un bò.

Wáyà mọ́tò, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó kì í bọ iná. Rọ́bà àtijọ́ máa ń sán, tèmi ti là débi pé bàbà ti yọjú, ó sì ní òun tún un ṣe! Ẹni tó bá sì fẹ́ gbé e lọ sílé ní Nàìjíríà, mọ́tò yẹn ń fẹ́ iná fóòtì 110 tó ń yí padà ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Iná Nàìjíríà jẹ́ 50, nítorí náà yóò máa fi ìdá kan nínú mẹ́fà falẹ̀ kódà pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń dín fóòtì kù. Ní Ìbàdàn, tí kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, ọ̀pá tó ń yí i gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn sílẹ̀, ní nǹkan bíi dígírì 7. Ẹ wò ó bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Páìpù náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo ti họ pọ́tì kúrò nínú àwọn ihò àtijọ́. Dígí tirẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹnìkan níbì kan, torí ó dá mi lójú pé ó tà á lọ́tọ̀. Bí ẹ bá rí dígí ínṣì 6, f/8, tí wọ́n ń tà lóun nìkan láìsí ìjókòó rẹ̀, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè ibi tó gbé páìpù rẹ̀ sí, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí n gbọ́.