Hítà ojú ẹsẹ̀ oníná, onígáàsì àti onítáńkì: ẹ mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti máa ń dá iṣẹ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó rà á

Iye owó àti orúkọ ara páálí ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń yan hítà omi ìwẹ̀. Ohun mẹ́ta mìíràn ló ń pinnu bóyá omi máa gbóná nílé yín: bí iná tó ń wọlé ṣe lágbára tó, bí omi ṣe ń já bọ́ láti inú táńkì òkè, àti ibi tẹ́ ẹ máa gbé ẹ̀rọ náà kọ́. Púpọ̀ nínú hítà tí wọ́n ní ó ti bàjẹ́ ni kò bàjẹ́ rárá. Ilé ni kò bá a mu.

Nítorí náà, ilé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ gbé ike ọ̀dà lita 4 sábẹ́ ṣáwà, ẹ ṣí omi tán, kẹ́ ẹ wo aago. Bó bá kún láàárín ìṣẹ́jú kan, lita 4 ló ń wá ní ìṣẹ́jú kan, ó sì dára. Bó bá gbà á ní ìṣẹ́jú méjì, lita 2 péré ni, ọ̀pọ̀ hítà onígáàsì kò sì ní tan rárá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi tẹ́sítà wo volt iná láàárín aago méje sí mẹ́wàá alẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò ń lò ó. Iye alẹ́ yẹn ni kẹ́ ẹ fi ra ọjà, kì í ṣe ti ọ̀sán.

A ṣírò àwọn iye ìsàlẹ̀ yìí fún omi 27°C tá a fẹ́ gbé dé 40°C, iná sì jẹ́ 230 volt.

| | Ojú ẹsẹ̀ oníná, 3.5 kW | Onígáàsì, lita 6 | Onítáńkì, lita 30, 1.5 kW |
|---|---|---|---|
| Ohun tó ń fà | amp 15 | báàtìrì ńlá 2 àti gáàsì | amp 6.5 |
| Wáyà àti bírékà | 4 mm², amp 20 | kò nílò | 2.5 mm², amp 16 |
| Omi ìwẹ̀ | bíi lita 3.9 ní ìṣẹ́jú kan | lita 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan | bíi lita 60 sí 70 lápapọ̀, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 46 |
| Bí iná bá lọ | ó kú | ó ń ṣiṣẹ́ lọ | omi tó ti gbóná ṣì wà |

Ojú ẹsẹ̀ oníná

Òun ló kéré jù, òun ló sì rọrùn jù láti kọ́ mọ́ ògiri. Àmọ́ òun náà ni iná tí kò lágbára ń fìyà jẹ jù. Bí volt bá dín, agbára hítà máa ń dín ju bẹ́ẹ̀ lọ: ní 180 volt, hítà 3.5 kW ò ju 2.1 kW lọ mọ́, omi tó sì lè gbé dé 40°C kò ju lita 2.4 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ohun tó fà á nìyí tí omi fi ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán nígbà tí iná pupa ara hítà ń tàn dáadáa. Ẹ dín omi kù díẹ̀ kẹ́ ẹ tó pe oníṣẹ́. Bó bá gbóná sí i, kò sí ohun tó ṣe hítà.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ ra 5.5 kW láti fi borí èyí. Òótọ́ ni pé ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n amp 24 ló ń fà. Ẹ fún un ní wáyà 6 mm² tirẹ̀ láti ibi bírékà, pẹ̀lú bírékà amp 32. Ẹ má ṣe ki èyíkéyìí nínú méjèèjì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì amp 13 láéláé. Púlọ́ọ̀gì á yọ́, ògiri á sì dúdú.

Bẹ́ ẹ bá ṣí ṣáwà tí hítà kò sì tan, asẹ́ kékeré tó wà ní ẹnu ibi tí omi ń gbà wọlé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí, pàápàá níbi tí omi bọ́ọ̀hóòlù ti ń gbé ìpẹtà wá. Ẹ pa bírékà, ẹ ti fáàfù omi, ẹ tú rọ́bà ìwọlé, ẹ yọ asẹ́ náà, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ ọ́. Bí funfun líle bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ rẹ ẹ́ sínú fínígà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ fọ orí ṣáwà náà, torí bí ihò rẹ̀ bá dí, omi kò ní ya tó láti tan súwíìṣì omi inú hítà. Bí omi bá ń ya dáadáa tí hítà ṣì dákẹ́, ó ṣeé ṣe kí súwíìṣì omi yẹn ti há.

Bí kò bá sí iná rárá lójú rẹ̀, tí bírékà sì wà ní títàn, ó lè jẹ́ pé súwíìṣì ààbò inú rẹ̀ ló já nítorí pé omi dín kù nígbà tó ṣì gbóná. Ó sábà máa ń ní bọ́tìnì kékeré tí wọ́n ń tẹ̀ padà lẹ́yìn tí bírékà bá ti wà ní pípa. Bó bá tún já, ẹ wá ohun tó fà á. Ẹ má ṣe so wáyà rẹ̀ pọ̀ láti fò ó. Oníṣẹ́ iná lè tú wáyà ẹ́límẹ́ǹtì, irin tó ń mú omi gbóná, kó fi tẹ́sítà wọ̀n ọ́n: bíi ohm 15 fún 3.5 kW, bíi 9.6 fún 5.5 kW. Bí tẹ́sítà kò bá ka nǹkan kan, ẹ́límẹ́ǹtì ti já.

Ti ẹ́ẹ̀tì la ò gbọ́dọ̀ fi ṣeré. Hítà tí kò ní wáyà tó wọ ilẹ̀ dáadáa, tí kò sì ní bírékà tó ń já bí iná 30 mA bá sá lọ sí ibòmíràn, lè pa ẹni tó ń wẹ̀. Bí omi bá ń gbọ̀n yín lọ́wọ́ díẹ̀ báyìí, ẹ pa á kẹ́ ẹ má sì lò ó mọ́ títí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Onígáàsì

Omi rẹ̀ pọ̀, kò sì ka iná sí. Bó bá ń jó láìdúró, ó ń jẹ bíi kílò 0.9 ní wákàtí kan, nítorí náà sílíńdà kílò 12.5 á tó bíi wákàtí 14. Lójú tiwa, ara ògiri ìta nìkan ni ibi tó yẹ ẹ́. Nínú balùwẹ̀ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ń jẹ afẹ́fẹ́ tán, ó sì ń tú carbon monoxide sílẹ̀, èyí tí kò ní òórùn, tó sì ń pani. Bẹ́ ẹ ò bá ní ògiri ìta tàbí ẹ̀yìnkùlé, ẹ gbàgbé rẹ̀.

Bí kò bá ṣáná, ẹ pààrọ̀ báàtìrì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá ń dún tákà-tákà tí kò gbiná, ẹ wo sílíńdà àti rẹ́gúlétọ̀. Bó bá tan tó sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó ṣeé ṣe kí irin kékeré tó ń mọ̀ pé iná wà níbẹ̀ ti dọ̀tí. Ọ̀pọ̀ sì ń pa ara wọn lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú fún ààbò. Ìyẹn kì í ṣe àbùkù. Ọwọ́ iná tó dára máa ń jẹ́ búlúù. Bó bá pupa rúsúrúsú, afẹ́fẹ́ kò tó tàbí ìdọ̀tí ti dí ibi tó ti ń jó: ẹ pa á. Omi ẹ̀rọ wa kì í tutù púpọ̀, torí náà bí omi bá ń ya díẹ̀, hítà yìí lè bóni lára. Ẹ yí gáàsì sí ìsàlẹ̀. Omi ọṣẹ ni kẹ́ ẹ fi máa ń wo ojú ìsopọ̀ rọ́bà. Bó bá ń hó, gáàsì ń jò.

Onítáńkì

Ó ń fini dúró, ṣùgbọ́n iná tí kò lágbára kàn ń fi kún ìdúró náà ni. Jẹnẹrétọ̀ 2.5 kVA lè gbé 1.5 kW rẹ̀ bí kò bá sí ẹrù mìíràn lórí rẹ̀. Omi tó ń kán díẹ̀ lára fáàfù ààbò nígbà tó ń gbóná kò burú. Èyí tó ń kán tọ̀sán-tòru ni kẹ́ ẹ tún ṣe. Ẹ kọ́kọ́ ṣí ẹ̀rọ omi gbígbóná títí omi á fi ya láìsí atẹ́gùn kẹ́ ẹ tó tan iná, nítorí ẹ́límẹ́ǹtì tó gbóná láìsí omi ń jó lójú ẹsẹ̀. Bí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ẹ ní kí wọ́n wo ọ̀pá magnesium inú rẹ̀. Òun ló yẹ kí ìpẹtà máa jẹ dípò táńkì.

Fún fúláàtì tí iná alẹ́ rẹ̀ kì í tó 200 volt, onítáńkì la máa rà. Níbi tí iná ti dúró sán-ún, ojú ẹsẹ̀ 3.5 kW tó. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ka àwo ara hítà kẹ́ ẹ tó sanwó: bí wọ́n bá kọ 3.5 kW sí 240 volt, 3.2 kW ni yóò jẹ́ ní 230. Kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ń ta ẹ́límẹ́ǹtì àti súwíìṣì omi rẹ̀ lọ́tọ̀. Bí wọn ò bá ní in, ẹ mú òmíràn.